Olùtọ́jú Odò Yẹmẹ́rù

Bèbè odò náà tún ya. Ó ya lójú Ìbíyẹmí, ó ya lójú adájọ́ omi, ó sì ya lójú gbogbo àwọn tó fi imú tẹ gíláàsì láti ìta tí wọ́n ń wòran.

Kì í ṣe odò gidi o. Odò Yẹmẹ́rù gidi ti gbẹ láti ìgbà tí Ìbíyẹmí ti wà lọ́mọ ọwọ́. Èyí tó ya yìí, orí tábìlì ọdún-ń-bọ̀ ló wà, ìmọ́lẹ̀ lásán ni, bèbè rẹ̀ ò sì ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí tábìlì bá ti fi hàn, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn mọ́. Ẹ sọ irú ilẹ̀ yín fún un, ẹ sọ irú ewéko, ẹ sọ irú ẹran tí ẹ fẹ́ kó sínú omi, á fi ogún ọdún hàn yín kí omi orí iná tó hó.

Erùpẹ̀ ya wọnú omi gììrì. Omi pọ́n. Àwọn èpìyà sáré wá sókè, wọ́n ń la ẹnu wá èémí, wọ́n sì ń dojú ikùn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin àkèré tó lẹ̀ mọ́ ìdí òṣíbàtà bọ́ sábẹ́ ẹrẹ̀. Ahun odò kan na ọrùn síta bí àgbàlagbà tí ilé wó mọ́ lórí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún fà á wọlé. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Ọdún kẹsàn-án," ni tábìlì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. "Èpìyà tán. Àkèré tán. Ètò kò dúró."

"Ẹ ò wá rí nǹkan!" Ìbíyẹmí fọwọ́ lu itan. "Ọdún kẹsàn-án yẹn kan náà!"

Adájọ́ Láyínká tẹ etí ẹ̀wù atura rẹ̀ kó lè túbọ̀ tutù. Ẹ̀wù náà ń kùn yùn-ùn yùn-ùn lára rẹ̀. Ọkùnrin náà ò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n Ìlú Òkè ló ti wá, níbi tí ìdènà ńlá tó sé omi Yẹmẹ́rù wà, tí wọ́n ti ń fi omi náà tu àwọn ẹ̀rọ arónú lára tọ̀sán-tòru.

"Arábìnrin, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù fún yín, kó sì parí kí oòrùn òní tó wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé inú mi dùn sí i."

"Mo mọ̀, sà."

"Bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún ya, ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á da ọ̀dà sójú odò yín, ọkọ̀ ẹrù á máa gba ibẹ̀. Omi yín á sì dúró lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ."

"Àwọn ẹ̀rọ tí kò mọ adùn omi," Ìbíyẹmí dá a lóhùn. "Ooru nìkan ni wọ́n mọ̀."

Adájọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Òfin Ẹ̀rí-Odò ò le jù, ṣé ẹ mọ̀? Ìlú tó bá ní kí wọ́n dá odò òun padà, kó fi hàn pé òun ṣì mọ odò náà ni. Kó to ọ̀kan kékeré sínú ilé gíláàsì, ẹja àti àkèré àtàwọn tí ń fàyà wọ́lẹ̀, ọmọ bíbí odò yẹn nìkan, kí wọ́n sì jọ gbé ogún ọdún lójú tábìlì yìí láìrun. Ìlú tó mọ odò rẹ̀ ò ní ṣìṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìbíyẹmí wọ egungun. Òun tó jẹ́ olùtò odò! Òun tó ti to odò ìlú mẹ́ta, tí gbogbo wọn dúró ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí omi sì ti ń ṣàn níbẹ̀ báyìí, tí àwọn ọmọ ń fò sínú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀! Ti Ìdóyẹ, ìlú tí wọ́n bí i sí, ló wá fẹ́ dójú tì í yìí? Rárá o. Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ lọ jókòó sábẹ́ òrùlé tí a fi ń gba ìrì, sà," ó ní. "Ó tutù díẹ̀ níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, màá pè yín, ẹ ó sì tẹ ẹ̀gbà ọwọ́ yín kí ìdènà ṣí."

"Ẹ dá ara yín lójú gan-an."

"Ta ni kí n dá lójú tí mi ò bá dá ara mi lójú?"

Ó yíjú sí àwọn tó wà níta. "Ẹ̀yin ará mi, ẹ lọ sílé! Imú yín ti dọ̀tí gíláàsì mi tán." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tú ká, olúkúlùkù pẹ̀lú kòrobá omi kékeré tí ìjọba fi èdìdì dì mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹnìkan kígbe láti ọ̀nà pé, "Olùtò, a fọkàn tán ẹ o!" Ìbíyẹmí juwọ́ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó ku òun nìkan àti tábìlì, ó mí kanlẹ̀.

"Dá a padà sí ọdún kẹfà," ó sọ fún tábìlì. "Rọra máa lọ."

Ó tẹ̀ mọ́ bèbè náà, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìmọ́lẹ̀. Ó rí ihò kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Akàn kan yọjú níbẹ̀, ó wo òréré, ó tún wọlé. Ihò mìíràn tún lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹjọ, bèbè ti lu jálajàla bí asẹ́. Òjò ńlá kan rọ̀ ní ọdún kẹsàn-án, ó tán.

"Ẹ̀yin ni!" Ìbíyẹmí nàka sí wọn. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹsẹ̀ ló wá fi ń wó ilé onílé. Tábìlì, ta ló ń jẹ akàn nínú ètò yìí?"

"Àrọ̀ ń jẹ akàn tó bá wà nínú omi. Kò sí ohun tó ń jẹ akàn inú ihò."

"Yọ akàn kúrò."

"Ọmọ bíbí odò ni. Òfin ò gbà á. Bí mo bá tilẹ̀ yọ ọ́, ìdọ̀tí á kún ìsàlẹ̀ omi, àrọ̀ á kú."

"Jẹ́ kí olùtọ́jú tí ìlú bá yàn fún odò náà máa kó wọn nígbà náà."

"Ọwọ́ ènìyàn ò gba ihò akàn. Bó bá fi ọkọ́ wú u, òun gan-an ni yóò wó bèbè."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni olùtọ́jú ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ò mọ ihò akàn yàtọ̀ sí ibi tí ahun odò bo ẹyin rẹ̀ mọ́."

Ìbíyẹmí yí tábìlì po. Ó ti ronú kan ẹyẹ apẹja kan tí ń jẹ akàn ní ìhà àríwá, ṣùgbọ́n ẹyẹ yẹn kì í ṣe ọmọ Yẹmẹ́rù. Ìlú kan ti dán irú rẹ̀ wò rí. Àkèré àlejò ni wọ́n fi há àárín tiwọn, tábìlì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ẹrù sì ni odò wọn dà lónìí.

"Nígbà tí Yẹmẹ́rù wà láàyè, bèbè rẹ̀ ò ya," ó ní. "Akàn sì wà níbẹ̀. Ta ló ń jẹ wọ́n?"

"Ẹ ò tíì sọ fún mi," ni tábìlì dáhùn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàtà ti ń wọ́lẹ̀ bọ̀ ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Kò wulẹ̀ wẹ̀yìn. Ìyá Gbàdébọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Kò sí ẹlòmíràn tí ń wọ bàtà ọkọ rẹ̀ kiri ìlú.

"Àwẹ̀ró, jẹun," màmá náà fi oríkì rẹ̀ pè é, ó gbé abọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, sáàárín odò gan-an. "Ebi kì í to odò."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lórí èpìyà."

"Èpìyà tó ti kú? Ṣebí mo gbọ́ ní ọ̀nà." Ó gbé abọ́ náà sórí àga, ó jókòó tì í, ó sì rọra tú etí ìró rẹ̀. Ẹyin adìẹ kan ló wà níbẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán, ó sì gbá a mú sí àtẹ́lẹwọ́.

Ìbíyẹmí ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, kò tilẹ̀ ronú kó tó béèrè. "Ẹ ò jẹ ẹyin yẹn?"

"Èwo ni kí n jẹ ẹyin ará ilé? Mo fẹ́ lọ gbé e sẹ́yìn ilé ìdáná, oòrùn ti ń yí."

Ọ̀jọ̀jọ̀ dúró lẹ́nu Ìbíyẹmí.

Láti kékeré ló ti ń rí ẹyin yẹn. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti yí, ẹnìkan á gbé ẹyin sẹ́yìn ilé ìdáná agboolé Ìsàlẹ̀-Odò, ará ilé á sì rọra gba orí ògiri wá, ìrù gígùn, ọrùn gígùn, ahọ́n rẹ̀ ń yọ fẹ̀ẹ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ọmọ tó gbọdọ̀ sọ ọ́ lókò. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó wọlé, wọ́n á mú un lọ kí i. Ọjọ́ kan wà tí Ìbíyẹmí sùn sórí ẹní lọ́sàn-án, tó jí, tó rí i tó nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tó ń yá oòrùn, kò sì bẹ̀rù. Ta ni í bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

"Màmá," ó ní, ó gbé oúnjẹ mì. "Nígbà tí omi wà, kí ni ará ilé ń jẹ?"

"Ẹyin náà ńkọ́? Àtẹyin ahun. Akàn ló fẹ́ràn jù. Bàbá wa máa ń sọ pé á dúró sẹ́nu ihò, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kò ní kánjú, títí akàn ọ̀hún á fi yọ ojú burúkú síta. Gbàmù!"

"Háà! Màmá!" Ìbíyẹmí dìde fìrì. "Awọ́nríwọ́n! Awọ́nríwọ́n ló ń gbé bèbè yẹn ró!"

"Rọra, rọra. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ké pe àgbà nìyẹn?"

"Màmá, mo kó gbogbo àgbà agboolé jọ, mo ní kí ẹ dárúkọ gbogbo ẹran tó wà ní Yẹmẹ́rù. Ẹ dárúkọ àrọ̀. Ẹ dárúkọ ọ̀pọ̀lọ́, ẹ dárúkọ kọ̀ǹkọ̀, ẹ dárúkọ ejò omi. Bàbá Olówóòkéré dárúkọ eṣúṣú! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ awọ́nríwọ́n?"

Ìyá Gbàdébọ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. "O ní ká dárúkọ ẹran. Ṣé ẹran ni?"



"Wọ́n á ní kí n ka ẹran tó wà nílé wa, kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀gbọ́n mi?" màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí o kàwé odò nílùú wọn lọ́hùn-ún, ṣé o dárúkọ rẹ̀?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkúsọ. Kò dárúkọ rẹ̀. Òun tó mọ orúkọ gbogbo ohun tí ń fàyà wọ́ láti etí òkun dé ilẹ̀ ọ̀dàn, kò wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe tọ́ màmá ni wọ́n ṣe tọ́ òun náà.

Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ̀rọ̀ mìíràn, Ìyá Gbàdébọ̀ ti gbé ọwọ́ tí kò mú ẹyin sókè. "Mo mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ. Gbé e mì."

"Màmá, odò ni o. Omi ni."

"Mo gbọ́. Òùngbẹ ń gbẹ èmi náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun lé àwọn baba wa dé bèbè yẹn, tí ikú wà lẹ́yìn, tí omi wà níwájú, ta ló la omi kọjá tí wọ́n fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹlẹ̀? Òun náà ni. Ṣé inú ìgò la ó wá tì í mọ́, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa nàka sí i? O ò ní ti ọmọ bàbá mi mọ́lé, Àwẹ̀ró. Wá nǹkan mìíràn ṣe."

Ó dìde, ó so ìró rẹ̀, ó sì wọ́ bàtà rẹ̀ ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́.

Ó wá ku Ìbíyẹmí àti tábìlì. Ẹ má rò pé kò mọ ohun tó lè ṣe o. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, òun gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á. Awọ́nríwọ́n tí wọ́n bá kàn tì mọ́ inú gíláàsì á jẹ akàn tán, á yí sí àkèré, á yí sí èpìyà, á jẹ gbogbo ilé run. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́ àgò fún un ní kọ̀rọ̀ kan, tí ẹ̀rọ ń tú u sílẹ̀ fún ìwọ̀nba akàn, tó sì ń tì í padà, ètò á dúró ṣinṣin. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Kí oòrùn tó wọ̀, ìdènà á ṣí. Màmá ò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé gíláàsì, tí gbogbo ìlú bá wọlé wá wòran.

"Fi ẹnìkan kún un," ó sọ fún tábìlì.

"Ẹ sọ irú rẹ̀," ni tábìlì wí, ó sì tan ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú omi: ewéko, ẹran, olùtọ́jú.

Ìbíyẹmí gbé ìka rẹ̀ sókè. Ó ronú nípa kòrobá kékeré tó ní èdìdì ìjọba. Ó ronú nípa àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi iyanrìn fọ abọ́, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìka rẹ̀ sún mọ́ ẹran. Ó wá rí màmá lójú inú rẹ̀, tó wọ bàtà ọkọ rẹ̀, tó fojú kan gíláàsì, tó rí ẹni tó wà nínú àgò. Màmá ò ní pariwo. Á kàn bojú wẹ̀yìn wá Ìbíyẹmí láàárín èrò. Ojú ti Ìbíyẹmí kó tó ṣe é, ó sì mọ̀ pé òun ò lè ṣe é. Kódà bí odò mẹ́wàá bá wà lẹ́yìn ìdènà yẹn, òun ò lè ṣe é.

Bó ṣe fẹ́ fa ọwọ́ padà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kẹta.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n ní èjìká, ló bá bú sẹ́rìn-ín gbáà tí gíláàsì fi ń dáhùn.

"Adájọ́!" ó ń pariwo bọ̀ níta. "Adájọ́ Láyínká! Ẹ bọ̀ o! Màmá! Ẹ dúró, ẹ má tíì gbé ẹyin yẹn sílẹ̀!"

Ẹ̀yìn ilé ìdáná agboolé Ìsàlẹ̀-Odò ni gbogbo wọn ti pàdé. Adájọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Ẹ fẹ́ kí n kọ awọ́nríwọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn wo ló lè jẹ́ olùtọ́jú nínú òfin yín?"

"Ó gbọ́dọ̀ nílé nínú ìlú. Ó gbọ́dọ̀ lè wọlé kó sì jáde fàlàlà. Kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun tà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró fún un. Kó sì..." Adájọ́ dánu dúró. "Arábìnrin, ènìyàn ni wọ́n ṣe òfin yìí fún."

"Ṣé ó wà níbẹ̀ pé ènìyàn?"

Adájọ́ yọ wàláà rẹ̀, ó ń fi ìka wọ́ òfin náà lọ sókè, lọ sísàlẹ̀. Ìgbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lọ́dún tí àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣe olùtọ́jú."

"Ẹ ò rí i! Ẹ gba ẹ̀rọ tí kò níyàá, ẹ ó wá kọ ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tẹ Ìdóyẹ dó?"

Ìyá Gbàdébọ̀ ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó di ẹyin rẹ̀ mú. "Àwẹ̀ró, ṣé inú gíláàsì yẹn náà ni?"

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú wọn lè bá ara wọn mu. "Màmá, ihò máa wà lókè ògiri. Màá fi ìtì igi kan há a látinú títí dé ẹnu rẹ̀. Àkèré ò lè gùn ún, ahun ò lè gùn ún, ẹni tó ní èékánná gígùn nìkan ló lè dé ibẹ̀. Kò ní sí ilẹ̀kùn, kò ní sí kọ́kọ́rọ́. Bó bá wù ú, á wọlé. Bó bá sú u, á jáde. Ibi tó bá wù ú ni yóò sùn."

"Bó ṣe ń ṣe nílé níbí."

"Bó ṣe ń ṣe nílé níbí gẹ́lẹ́."

Màmá ronú sí i. "Bí ebi bá wá pa á, tí akàn ò sí mọ́?"

"Á wá síbí wá jẹ ẹyin. Nítorí náà ni kò ṣe ní jẹ ilé run. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ló ń jẹ tó fi ń kan ògiri."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ìyá Gbàdébọ̀ yíjú sí adájọ́. "Èmi ni màá dúró fún un. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Màmá, ó ku nǹkan kan," adájọ́ wí, ojú sì tì í díẹ̀. "Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ fara hàn, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ wàláà. Láìsí ìyẹn, tábìlì ò ní gbà á."

Gbogbo wọn wo orí ògiri. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Oòrùn ti ń fà sẹ́yìn igi, Ìbíyẹmí sì mọ̀ pé bó bá wọ̀ láìtíì parí, ẹ̀ẹ̀kẹta ti lọ nìyẹn, yálà wọ́n lò ó tàbí wọn ò lò ó.

"Bọ́ ẹ̀wù tí ń kùn yẹn, ọmọ mi," màmá pàṣẹ. "Ará ilé ò fẹ́ ariwo."

Adájọ́ bọ́ ẹ̀wù atura. Ooru kọ lù ú, òógùn bo ojú rẹ̀ kí ó tó ká a tán. Màmá gba wàláà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí abọ́, ó gbé ẹyin sí ìkángun rẹ̀, ó sì fi ìka kan ilẹ̀ kó-kó-kó. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró. Eṣinṣin bà lé imú adájọ́, kò lè lé e. Ìbíyẹmí ń sọ ọ́ lọ́kàn pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má dójú tì mí lónìí.

Orí kan yọ lókè ògiri.

Ó dàgbà o! Ara rẹ̀ ti dúdú, àmì òféèfèé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Ó wo àlejò náà, ahọ́n rẹ̀ yọ, ó wọlé. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, kò kánjú rárá, ìrù rẹ̀ ń fa ìlà gígùn kan sórí erùpẹ̀. Ó dé ẹ̀bá wàláà, ó dúró. Wàláà ń tàn, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Nígbà náà ló gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tìka-tìka, ó fi tẹ àárín wàláà, ó na ọrùn, ó sì gbé ẹyin.

"Ọwọ́ olùtọ́jú wọlé," ni wàláà wí lábẹ́ rẹ̀. "Orúkọ?"

Adájọ́ yíjú. Ó wo màmá.

"Ará Ilé," ni Ìyá Gbàdébọ̀ dáhùn, "ọmọ agboolé Ìsàlẹ̀-Odò, ní Ìdóyẹ."

"A gbà á," ni wàláà wí.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé gíláàsì, gbogbo ìlú ti tún dé, imú ti tún wà lára gíláàsì, Ìbíyẹmí ò sì lé ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sọ ibi tí ihò máa wà fún tábìlì. Ó sọ ti ìtì igi. Ó sọ ohun tí olùtọ́jú ń jẹ, kò fi ọ̀kan pa mọ́, títí kan àkèré tí yóò máa jí gbé. "Ó yá," ó ní. "Máa lọ."

Ọdún sáré. Akàn gbẹ́ ihò. Òjìji gígùn kan gba orí igi wọlé, ó dúró sẹ́nu ihò, ó dúró títí. Gbàmù! Àwọn tó wà níta hó yèè. Ọdún kẹfà, ọdún kẹjọ. Nígbà tí ọdún kẹsàn-án wọlé pẹ̀lú òjò ńlá rẹ̀, Ìbíyẹmí di etí tábìlì mú. Òjò rọ̀. Erùpẹ̀ díẹ̀ já bọ́. Bèbè dúró.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kejìlá, àkèré bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Wọ́n ń dín, wọ́n ń dín, òjìji náà sì ń wọlé léraléra. "Ó ti pọ̀ jù," adájọ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́, "á jẹ wọ́n tán." Ojú Ìbíyẹmí ò kúrò lórí ìtì igi. Ní àárín ọ̀dá ọdún yẹn, olùtọ́jú wọlé, ó rìn yí omi po, kò rí nǹkan jẹ, ó gun igi, ó sì jáde. Kò padà wá fún ìgbà pípẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń wò ó, ẹyin kan là lábẹ́ òṣíbàtà, òmíràn tún là, títí àkèré fi tún kún etí omi, tí wọ́n ń ké.

"Ogún ọdún," ni tábìlì wí. "Kò sí ohun tó run. Ètò dúró."

Ariwo tó sọ nílùú lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi fi í sílẹ̀. Adájọ́ Láyínká tẹ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. "Ìdènà ti ṣí," ó wí. "Omi á rin òru yìí. Ẹ ó jí bá a." Ìbíyẹmí wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Gbàdébọ̀ sì ń fi etí ìró nù ún lójú bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wá rìn lọ síbi bèbè Yẹmẹ́rù gidi. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Ojú odò gbẹ, ó sán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ẹrẹ̀ díẹ̀ ní kòtò tó jìn jù. Adájọ́ gbé ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ èjìká, kò tíì wọ̀ ọ́ padà. Òun ló kọ́kọ́ rí i.

Ará Ilé ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ó wà lẹ́bàá kòtò náà, ó kọjú sí ihò akàn kékeré kan tó tutù nínú bèbè, kò mira.

Ọmọ Ìlú Òkè náà wò ó pẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó tẹ̀ríba, ó kan ilẹ̀ gidi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

Ìyá Gbàdébọ̀ fà á lápá dìde. "Kò ní dá ọ lóhùn, ọmọ mi," ó ní. "Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́."